Mọ́mì, Kí Ló Dé Tí Àwọ̀ Wọn Fi Rí Báyẹn?

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, lẹ́yìn tí mo lọ mú ọmọ mi nílé-ìwé, tí a wọ ọkọ̀ Máíkírà ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, tí à ń lọ sílé. Ọmọ mi ọkùnrin jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni nígbà náà. Nígbà tí a dé Sángo, obìnrin kan tí ó jẹ́ àfín wọlé, ó jókòó tì wá. Ó dé fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀, ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ó sì kí gbogbo wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọmọ mi tẹjú mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ó fi la ẹnu, gbogbo ọkọ̀ sì gbọ́ ohun tí ó sọ: "Mọ́mì, kí ló dé tí àwọ̀ wọn fi rí báyẹn? Ṣé wọ́n fi páúdà kun ara ni?"

Ojú tì mí gidigidi. Mo ja ọmọ náà léèékánná nítan, mo sì sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Pa ẹnu rẹ mọ́! Má wò wọ́n mọ́." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo délé, ọkàn mi balẹ̀. Mo gbà pé mo ti kọ́ ọmọ mi ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni olùkọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ tuntun sí kíláàsì wọn, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ àfín. Ní àkókò eré, olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n sì yí ká. Ọmọ mi ni ó kàn láti di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. Ó kọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Nígbà tí olùkọ́ bi í léèrè ìdí rẹ̀, èsì tí ó fọ̀ ni pé, "Mọ́mì mi ní kí n má wò wọ́n."

Olùkọ́ náà kò bá mi jà. Ó kàn sọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni, ó sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ní ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀, ìbéèrè ni ọmọ mi ní lẹ́nu. Kò ní ìkórìíra kankan lọ́kàn. Èmi ni mo fi ìjáléèékánná dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ohun tí ó sì rí kó lọ sí ilé-ìwé ni pé nǹkan burúkú kan wà lára àwọn ènìyàn tí ó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan tí ó burú débi pé ìyá òun kò fẹ́ kí òun wò ó, kí òun má tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò. Èmi ni mo fún ẹyẹ tèmi ní oúnjẹ náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè, nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn ọmọdé nígbà tí ó bá pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ, tàbí tí ẹ ń tọ́ àbúrò àti ọmọ ẹ̀gbọ́n.

Ọmọdé ń rí ìyàtọ̀

Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbàgbọ́ pé ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀ àwọ̀, àfi bí àgbà bá fi hàn án. Ìgbàgbọ́ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwòrán ojú ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà han àwọn ọmọ-ọwọ́ aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ń wo èyí tí ọmọ náà tẹjú mọ́ pẹ́ jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò fi ojú kan ṣáájú òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti pé oṣù mẹ́ta ń tẹjú mọ́ àwọn tí ó jọ ẹ̀yà tiwọn ju àwọn yòókù lọ. Ó hàn gbangba pé a kò bí i mọ́ wọn. Àwọn ojú tí ó yí wọn ká fún oṣù mẹ́ta péré ni ó kọ́ wọn.

Ní ọdún 2006, Yair Bar-Haim, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Tel Aviv, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìwádìí kan náà. Wọ́n wo àwọn ọmọ oṣù mẹ́ta aláwọ̀ funfun ní Ísírẹ́lì, àti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Etiópíà. Àwọn wọ̀nyí náà ń tẹjú mọ́ ẹ̀yà tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wo ẹgbẹ́ kẹta: àwọn ọmọ tí òbí wọn ṣí láti Etiópíà lọ sí Ísírẹ́lì, tí àwọn ọmọ náà sì ń rí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun lójoojúmọ́. Àwọn wọ̀nyí kò fi ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ohun tí ó ti mọ́ ojú kì í ba ojú lẹ́rù.

Nígbà tí mo ka èyí, mo ronú nípa ọmọ mi. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni ó ti gbé láyé kí ó tó jókòó ti àfín nínú ọkọ̀. Kò sí àfín nínú ẹbí wa, kò sí ní àdúgbò wa, kò sì sí nínú ìwé kankan tí mo ti kà fún un rí. Kí ni ó yà mí lẹ́nu pé ó bi mí léèrè? Bí ọmọ bá rí ràkúnmí fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò béèrè. Bí ó bá rí ọkọ̀ òfuurufú tí ó fò lọ sókè orí ilé, yóò béèrè. Ìbéèrè rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà kò ju èyí lọ.

Àgbà ni ó ń fún ìyàtọ̀ ní ìtumọ̀

Ìyàtọ̀ tí ọmọ rí lásán kì í sọ ọ́ di ẹlẹ́tanú. Ohun tí a bá so mọ́ ìyàtọ̀ náà ni ó ń ṣe é. Rebecca Bigler, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Texas tí ó wà ní Austin ní Amẹ́ríkà, àti Meagan Patterson fi èyí hàn nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní ẹ̀wù pupa tàbí ẹ̀wù búlúù láti máa wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àwọn kíláàsì kan, olùkọ́ ń fi àwọ̀ ẹ̀wù pè wọ́n: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin aláwọ̀ pupa. Ẹ̀yin aláwọ̀ búlúù, ẹ tò síbí." Ní àwọn kíláàsì yòókù, olùkọ́ kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀wù. Àwọn ọmọ ní ìhà méjèèjì fẹ́ràn ẹgbẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ojúsàájú náà lágbára jù níbi tí olùkọ́ ti ń fi àwọ̀ pín wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé pupa sàn ju búlúù lọ. Wọ́n kàn rí i pé àgbà ka àwọ̀ náà sí ni.

Ìwádìí kan tí ó gbajúmọ̀ jù èyí lọ ni ti Kenneth Clark àti ìyàwó rẹ̀, Mamie Clark, àwọn onímọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ọmọláńgidi funfun àti ọmọláńgidi aláwọ̀ ilẹ̀, tí kò sí ìyàtọ̀ mìíràn láàárín wọn, síwájú 253 ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́ta sí méje. Nínú ọmọ 100, 67 ni ó mú ọmọláńgidi funfun pé òun ni àwọn fẹ́ fi ṣeré. Ìdá 59 nínú 100 ni ó sọ pé ọmọláńgidi aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí ó jọ àwọn fúnra wọn, ni kò dára lójú. Wàyí o, kì í ṣe òbí wọn ni ó jókòó tì wọ́n tí ó kọ́ wọn pé àwọ̀ wọn kò dára. Wọ́n ń wo ayé tí ó yí wọn ká: ẹni tí ó ń jókòó níwájú, ẹni tí ó wà nínú àwòrán, ẹni tí àwọn àgbà ń bọ̀wọ̀ fún. Ìwádìí náà wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí ní ọdún 1954, nígbà tí ó fi òfin de yíya ilé-ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ọmọ kì í dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu wa kí ó tó kẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí àfín ń kọjá, ó ti gbọ́. Bí a bá sọ ohùn wa kalẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn wọlé, ó ti gbọ́. Bí a bá sì dákẹ́ pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò hun ìtumọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ náà, ìtumọ̀ náà kì í sì í dára.

Ẹni òrìṣà

Kí a má parọ́, ilé tiwa náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àfín, dídùn àti kíkorò. Nínú ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé wa, Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn kí a tó bí i. Àfín, abuké àti arọ ni à ń pè ní ẹni òrìṣà, nítorí pé ọwọ́ Ọbàtálá ni a gbà pé ó dá wọn lọ́nà àrà. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi ẹni òrìṣà ṣẹ̀sín, òrìṣà tí ó dá a ni ó ń bá fà á.

Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ̀ yìí ni àwọn ìgbàgbọ́ mìíràn wà tí ó ń ya àfín sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Àwọn ọmọdé ìgbà tèmi ń fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí pariwo lé àfín lẹ́yìn ní òpópónà. Mo wà lára wọn. Mi ò tilẹ̀ rántí ẹni tí ó kọ́ mi. Mo kàn mọ̀ pé bí àfín bá ń kọjá, a ó pariwo, a ó sì sá. Mo ti lé ní ogún ọdún kí n tó ronú rárá pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Òtítọ́ ibẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Èròjà kan wà nínú ara ènìyàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin. Òun ni ó ń fún awọ ara, irun àti ẹyinjú láwọ̀, òun náà sì ni ó ń gba awọ lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Ara àfín kò ṣe èròjà yìí tó. Ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni èyí ti ń wá. Bàbá lè dúdú, ìyá lè dúdú, kí àwọn méjèèjì sì gbé e pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Bí irú wọn bá fẹ́ra, ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin kí ọmọ inú oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ àfín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í ṣe àṣemáṣe bàbá, kò sì lè ràn ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí kankan nínú ara àfín tí iyọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣe é ní ibi ju bí ó ti lè ṣe èmi àti ìwọ.

Ohun tí ó ń ṣe àfín ní ibi gan-an ni oòrùn, a kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Oòrùn ilẹ̀ wa lè jó awọ wọn títí yóò fi di egbò, egbò náà sì lè di àrùn jẹjẹrẹ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ojú wọn kì í sábà ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ líle ń dà wọ́n láàmú, ẹyinjú àwọn mìíràn sì máa ń mì fúnra rẹ̀. Awò ojú lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í tán gbogbo ìṣòro náà. Ọmọ tí olùkọ́ pè ní olódo lè jẹ́ ọmọ tí kò rí pátákó ìkọ̀wé láti ẹ̀yìn kíláàsì. Fìlà ẹlẹ́tí fífẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn, ìpara tí ó ń dènà oòrùn, àti ìjókòó iwájú tí oòrùn fèrèsé kò tàn sí: ohun tí ọmọ náà nílò nìyẹn. Ìyà iyọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àfín ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àfín lágbàáyé, a sì kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2015. Ní ọdún 2015 kan náà ni wọ́n yan ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn àfín káàkiri ayé. Ọmọ Nàìjíríà ni, Ikponwosa Ero, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àfín.

Ìyá ọmọbìnrin náà

Lẹ́yìn tí olùkọ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo fi ọjọ́ méjì rò ó kí n tó lè lọ bá ìyá ọmọbìnrin náà. Ní ẹnu géètì ilé-ìwé ni mo ti rí i. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un, títí dé orí obìnrin inú ọkọ̀ àti èékánná tí mo já. Mo bẹ̀bẹ̀.

Ó gbé mi dìde. "Àbúrò mi," ó ní, "ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ìbéèrè kì í dun ọmọ mi. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ún. Bí ọmọ bá bi í pé kí ló dé tí irun rẹ̀ fi pupa, yóò ní bí Ọlọ́run ṣe fún òun nìyẹn, eré sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn ún ni ìgbà tí ìyá bá fa ọmọ sẹ́yìn. Nígbà náà ni yóò wo ojú mi, tí yóò sì bi mí pé, 'Mọ́mì, kí ni mo ṣe?' Ìbéèrè yẹn ni èmi kò mọ bí mo ṣe lè dáhùn."

Mi ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọkọ̀, mo rò pé èmi ń dáàbò bo obìnrin náà lọ́wọ́ ìtìjú. Ara mi ni mo ń dáàbò bò. Èmi ni kò fẹ́ kí àwọn èrò ọkọ̀ sọ pé mi ò kọ́ ọmọ mi. Obìnrin tí ó jókòó tì wá sì ń gbọ́ ọ pé ìrísí òun jẹ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ọmọ mi jókòó. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ojú rẹ̀ là kedere, nítorí pé kò tí ì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Mo ní, "Ìbéèrè rẹ nínú ọkọ̀ dára. Ó yẹ kí n dá ọ lóhùn. Ohun kan wà nínú ara wa tí ó ń fún wa láwọ̀. Tìrẹ pọ̀, ìdí nìyẹn tí o fi dúdú. Ti ọ̀rẹ́ rẹ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ funfun. Àfín ni a ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i." Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ún?" Mo ní rárá, àyàfi bí oòrùn bá pa á jù. Ó tún bi mí pé, "Ṣé bí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, èmi náà á di àfín?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa," ó sì béèrè bóyá ẹran ṣẹ́kù nínú ìkòkò.

Ìkòkò oúnjẹ méjì

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi pé ọdún márùn-ún, a pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sílé, ọmọbìnrin náà sì wà lára wọn. Ìyá mi ti wá láti ìlú láti bá mi dáná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo rí ìkòkò kékeré kan lórí ààrò lọ́tọ̀. Mo béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ọmọ ẹni òrìṣà tí ẹ ní ó ń bọ̀, mo se ìrẹsì tirẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i."

Kì í ṣe ìkórìíra. Ìyá mi ti jí ní aago márùn-ún láti se oúnjẹ ọmọ tí kò rí rí, kí nǹkan kan má bàa ṣe é. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fojú inú wo ọmọbìnrin náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wọn máa jẹ ìrẹsì pupa olóòórùn dídùn, kí a sì gbé àwo tirẹ̀ wá lọ́tọ̀. Mo mọ ìbéèrè tí yóò bi ìyá rẹ̀ ní alẹ́.

Mo kúnlẹ̀ ti ìyá mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ bá mi gbọ́ eléyìí. Mo ti bi ìyá rẹ̀ léèrè, ó ń jẹ iyọ̀ bí gbogbo wa. Oòrùn ni kò bá a lára mu." Ìyá mi wò mí títí. Ó ní, "Láyé tiwa, ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò oúnjẹ, inú ìkòkò ńlá ni ó ti bu oúnjẹ fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ó ń gbé àga àwọn ọmọ kúrò lójú oòrùn, tí ó ń tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a lè ṣe

Mi ò gba oyè kankan nínú ìtọ́jú ọmọ. Àṣìṣe ni ó kọ́ mi. Síbẹ̀, àwọn nǹkan mélòó kan wà tí mo ń ṣe nísinsìnyí, tí mo sì rò pé ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èkíní, bí ọmọ bá béèrè ní gbangba, ẹ dá a lóhùn ní gbangba, ní ohùn jẹ́jẹ́, ní gbólóhùn kúkúrú. "Àfín ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí wọn. Kí wọn." Ìkíni ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti kí ènìyàn ti rí i pé ènìyàn bí òun ni.

Èkejì, ẹ má sọ fún ọmọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ojú rẹ̀ ti rí i. Bí ẹ bá ní kò sí, ẹ ti sọ fún un pé ẹ̀yin kì í sọ òtítọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní bi yín mọ́. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì wà. Èyí yé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi àánú rọ́pò ẹ̀gàn. Ọmọ tí a bá kọ́ pé kí ó máa káàánú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fún un ní bisikíìtì, ṣùgbọ́n kò ní mú un nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan tí àwọn méjèèjì nílò ara wọn láti parí. Gordon Allport, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti ọdún 1954 pé ìpàdé lásán kò tó láti pa ẹ̀tanú. Ó yẹ kí àwọn tí ó pàdé wà ní ipò kan náà, kí wọ́n jọ máa lé ohun kan náà, kí àwọn àgbà sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ojú ọmọ mọ́ oríṣiríṣi ènìyàn kí ó tó pàdé wọn. Ẹ wo àwọn àwòrán inú ìwé rẹ̀ àti àwọn ọmọláńgidi rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jọ ara wọn, ẹ fi òmíràn kún un.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sín lẹ́nu ọmọ, ẹ má kàn lù ú. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé ilé yín ni.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Òun àti ọmọbìnrin náà ń jà nígbà gbogbo, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó máa ń fẹ́ ṣe olórí nínú eré. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ síta, ọmọ mi a máa bá a rántí fìlà rẹ̀, bí olùkọ́ tilẹ̀ gbàgbé. Ní ìparí sáà tí ó kọjá, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ya àwọn méjèèjì sábẹ́ igi kan. Ó fi léèdì dúdú kun irun tirẹ̀, ó sì fi ìyeyè kun ti ọmọbìnrin náà. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi lo ìyeyè.

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́n. "Àwọ̀ irun rẹ̀ nìyẹn," ni ó wí, ó sì ń bá àwòrán rẹ̀ lọ.